Àtẹ̀gùn Tí Hamzah Ṣe fún Àrọ̀

Bí ẹ bá dé Òkè-Oyì tí ẹ bèèrè ilé Hamzah bíríkìlà, ẹ ò ní pẹ́ kí ẹ tó rí i, torí òun ni ilé tí ògiri rẹ̀ ń dán jù ládùúgbò. Ẹni tó bá gba iwájú ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án ní láti fọwọ́ ṣíji bojú. Bí Hamzah bá ń rẹ́ ògiri, á rẹ́ ẹ, á tún un rẹ́, títí yóò fi dán bí abọ́ tangaran. Á wá sún sẹ́yìn, á fọwọ́ lé ìbàdí, á ní, "Màṣá Allah." Ẹ má rò pé ògiri ló ń kí o. Ara rẹ̀ ló ń kí. Kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ, á mú ìṣó, á kọ HAMZAH sí ìsàlẹ̀, á kọ ọdún tẹ̀lé e. Kò sí ẹnu kànga, kò sí ojú gọ́tà, kò sí ibi àlùwàlá kan lágbègbè náà tí orúkọ ọkùnrin yìí ò sí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Hajarat, ló sọ ọ́ ní Dígí. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe ọmọ tó bá nílé ọkọ lórúkọ, ìbáà ṣe ọmọ ọwọ́. Ìgbà tí Hajarat kọ́kọ́ dé ilé yẹn, Hamzah ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé lọ sílé kéwú, kò sì sí àárọ̀ tí kì í sunkún ẹ̀kọ, ni ìyàwó bá sọ ọ́ ní Ajímùkọ. Nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́ ògiri, Hajarat pa Ajímùkọ tì, ó ní, "Ọkọ mi ti di Dígí." Inú Hamzah dùn sí orúkọ yìí ju èyí tí wọ́n sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ lọ. Kò mọ̀ pé ìyàwó ilé kì í sọni lórúkọ lásán.

Ọ̀ràn tó bá a lọ́dún yìí, iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ló fà á. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, àwọn onírẹsì tó ń dáko ní àkúrọ̀ pè é pé kó bá àwọn mọ ògiri kọnkéré sójú gọ́tà ńlá tó ń fa omi oko lọ sódò, kí omi má baà máa wọ́ ilẹ̀ àwọn lọ nígbà òjò, kí díẹ̀ sì kù fún ìrẹsì nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Hamzah mọ ọ́n. Ó ga dé ìbàdí, ó gún régé, ó dán. Ìrẹsì ṣe dáadáa, àwọn onírẹsì ṣàdúà fún un, ó kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn ni wọ́n bi léèrè kí wọ́n tó mọ ògiri náà, àfi àrọ̀.

Bẹ́ẹ̀, àrọ̀ ló ni ọ̀nà yẹn kí wọ́n tó fi katapílà là á di gọ́tà. Bí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí odò bá kún, àrọ̀ á jáde nínú odò, á gba ibẹ̀ gòkè, á lọ yé ẹyin sínú koríko tó yí adágún Àlùfáà Àhmádù ká lókè àkúrọ̀. Láti ìgbà tí ògiri Hamzah ti dé, ìdí rẹ̀ ni wọ́n ń bá a mọ. Wọ́n á fò, wọ́n á forí gbá a, wọ́n á tún fò, títí omi yóò fi fà tàbí tí àwọn èèyàn yóò fi agbọ̀n kó wọn lọ sílé.

Hamzah ì bá má tiẹ̀ bìkítà. Ẹja wo? Ṣé ẹja ló gbé iṣẹ́ fún un? Ṣùgbọ́n Àlùfáà Àhmádù bí ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Raudah, ọ̀dọ̀ Raudah yìí gan-an ni ọkàn Hamzah wà, kò sùn, kò wo. Ó ní bí òun ò bá fẹ́ Raudah, kí ẹnikẹ́ni má tún bá òun sọ̀rọ̀ ìyàwó mọ́. Raudah náà fẹ́ ẹ. Kò kàn jẹ́ kó hàn púpọ̀ ni, torí ó mọ̀ pé bí wọ́n bá tún yin Hamzah díẹ̀ sí i, orí rẹ̀ ò ní gba ẹnu ọ̀nà wọlé mọ́.

Hajarat ni alárenà. Ó wọ híjáàbù rẹ̀ tó dára jù, ó gun ọ̀kadà, ó lọ bá Àlùfáà létí adágún níbi tó jókòó sí lórí ẹní tòun ti tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Ta ló rán ọ wá, Hajarat?"

"Ọkọ mi ni, Àlùfáà."

"Ọkọ rẹ mélòó ló wà nílé yẹn? Èwo nínú wọn?"

"Dígí ni."

Àlùfáà fa tẹ̀sùbáà bíi mẹ́ta. "Ẹni tó dí ọ̀nà ẹja mi."

"Òun náà ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí i. Ọmọ dáadáa ni."

"Mo mọ̀ pé ọmọ dáadáa ni. N ò bèèrè ilé lọ́wọ́ rẹ̀, n ò bèèrè mọ́tò. Sọ fún un pé lọ́jọ́ tí àrọ̀ bá gba orí ògiri rẹ̀ dé adágún mi, kí àwọn ẹbí rẹ̀ máa bọ̀, a ó mú ọjọ́ yìgì. Bí àrọ̀ ò bá lè gòkè wá, kí òun náà dúró sísàlẹ̀. Àwọn kan ti rán èèyàn wá láti Ìpàtà nítorí ọmọ náà. Bí omi àkọ́kọ́ ọdún yìí bá fi lè fà láìsí àrọ̀, màá dá wọn lóhùn."

Nígbà tí Hajarat jíṣẹ́ fún Hamzah, ńṣe ló la ẹnu tí kò lè pa á dé. "Nítorí ẹja? Ìyàwó wa, nítorí ẹja lásán-làsàn?"

"Ọkọ mi, ẹ fara balẹ̀. Nítorí ẹja kọ́," ni Hajarat wí. "Ìyá Raudah, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, òun ló máa ń se àrọ̀ àkọ́kọ́ tó bá dé inú adágún yẹn fún àwọn ọmọ kéwú. Sàráà ọdọọdún ni. Nígbà tí àìsàn dá a dúbúlẹ̀, ó bẹ Àlùfáà pé kí sàráà òun má parẹ́. Ọdún mẹ́ta rèé tí bàbá yẹn ń ra ẹja inú yìnyín fi ṣe é. Síbẹ̀, bí òjò bá ti rọ̀, etí adágún ló máa ń jókòó sí, á máa dẹtí. Raudah ló sọ fún mi. Ó ní bàbá òun á jókòó títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní gbọ́ nǹkan kan, á wá dìde wọlé."

Ó dun Hamzah dé ọkàn. Láti ọjọ́ tó ti ń ṣe bíríkìlà, kò rò ó rí pé iṣẹ́ òun lè pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún, àfi kó jẹ́ ẹkún ayọ̀.

Ó kọ́kọ́ ní òun á lọ wó ògiri náà. Àwọn onírẹsì ní kó fọwọ́ kàn án kó wò ó. Ìrẹsì ń mumi, ẹja ń wá ọ̀nà, Hamzah sì wà láàárín àwọn méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ ya ìyàwó méjì níjà.

Raudah ló gbà á sílẹ̀. Ọmọ yẹn kàwé nípa ẹja, ọgbà tí wọ́n ti ń sin ẹja lọ́nà Fátè ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Àlùfáà ti ní kí Raudah àti Hamzah má pe ara wọn títí ọ̀rọ̀ yóò fi dáa, nítorí náà fóònù Hajarat ló fi ránṣẹ́ sí. Ó ya àwòrán kan, ó sì sọ̀rọ̀ sínú fóònù tẹ̀lé e. Àwòrán náà fi hàn pé kí wọ́n jẹ́ kí ògiri wà níbi tó wà, kí wọ́n wá mọ ojú ọ̀nà kan tó rọra dagẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀, láti ìsàlẹ̀ omi dé orí, kí díẹ̀ nínú omi máa gba ibẹ̀ ṣàn wálẹ̀, kí àrọ̀ lè tọ̀ ọ́ gòkè.

Hamzah gba fóònù, ó tẹ ọ̀rọ̀ Raudah kó lè gbọ́. "Hamzah, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé dáadáa ni ẹ wà? Ó pẹ́ tí mo ti rí yín." Hamzah dá a dúró. Ó tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. "Hamzah, ẹ kú iṣẹ́ o." Ó tún un tẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ, wọ̀láhì, ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Hajarat kà. Ọ̀rọ̀ náà gùn tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ṣùgbọ́n Hamzah ò kọjá ibi "ó pẹ́ tí mo ti rí yín" títí Hajarat fi já fóònù rẹ̀ gbà, tó ní bátìrì òun kì í ṣe ti ọkọ ìyàwó.

"Mo ti rí àwòrán," ni Hamzah wí. "Ó ti yé mi."

Ó yé e lóòótọ́, àfi nǹkan kan. Ojú ọ̀nà tí Raudah yà kò dán. Ó yọ gọ̀ǹgọ̀ síhìn-ín, ó yọ gọ̀ǹgọ̀ sọ́hùn-ún. Hamzah wò ó, àánú Raudah ṣe é. Ó ní ọmọ náà mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò mọ àwòrán yà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Nítorí ìfẹ́ tó ní sí i, ó pinnu pé òun á bá a tún un ṣe láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ò rí i bí ìfẹ́ ṣe ń ba iṣẹ́ jẹ́!

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ṣe é, kí òjò tó dé. Hajarat gbé oúnjẹ wá bá a lóko, ó bá ojú ọ̀nà àrọ̀ níbi tó ti ń tàn yanran lójú oòrùn.

"Háà, Dígí ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹja tó bá fẹ́ gba ibí yìí, ṣé á kọ́kọ́ bọ́ bàtà ni?"

"Ìyàwó wa, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

"Yẹ̀yẹ́ kẹ̀? Kí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sí i ló kù."

Hamzah rẹ́rìn-ín, ó mú ìṣó, ó kọ orúkọ rẹ̀.

Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì. Nígbà tó dá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, gbogbo wa ni a rọ́ lọ sí ojú gọ́tà. Odò ti kún, àrọ̀ ti dé sí ìdí ògiri, dúdú bọ̀lọ̀jọ̀, irùngbọ̀n wọn ń mì nínú omi. Àlùfáà Àhmádù náà sọ̀kalẹ̀ wá, òun ti agbòjò rẹ̀. Àrọ̀ kan kọjú sí ojú ọ̀nà Hamzah. Ó ta ìrù, ó gòkè, ó gòkè, ó dé àárín. Hamzah ti la ẹnu láti kí ara rẹ̀. Àfi fìrìrì! Omi gbé àrọ̀ wálẹ̀. Òmíràn gun ún, fìrìrì, ó tẹ̀lé e. Ẹkẹta tiẹ̀ fẹ̀yìn lélẹ̀ yọ̀ wálẹ̀, ikùn rẹ̀ funfun báláú, bí ẹni pé eré ló wá ṣe. Àwọn onírẹsì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

Àlùfáà ò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ̀ síwájú, ó wo ojú ọ̀nà náà dáadáa. "Hamzah, ṣé o fẹ́ kí àrọ̀ gòkè ni, àbí o fẹ́ kó máa wo ojú ara rẹ̀?"

"Ẹ dárí jì mí, Bàbá."

"Mo gbọ́. Omi yìí á wà fún ọjọ́ méjì sí i, bí Ọlọ́run bá fẹ́." Ó yí padà, ó ń lọ. Ó rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ti ibi ìsìnkú bọ̀, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́.

Hamzah jókòó sórí àpò yanrìn, ó bojú. Ó ní ó ti tán, kí àwọn ará Ìpàtà wá mú ìyàwó wọn. Hajarat jókòó tì í. Kò fi í ṣẹ̀fẹ̀ nígbà yẹn, ó kàn fa fóònù yọ, ó tẹ ọ̀rọ̀ Raudah, ó sì fi í sétí ọkọ rẹ̀. Nígbà tó dé ibi "ó pẹ́ tí mo ti rí yín," ọwọ́ Hamzah ń yọ̀ lọ síbi fóònù, Hajarat gbá a lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ náà ń lọ. Raudah ṣàlàyé bí ojú ọ̀nà náà ṣe máa gùn tó àti bó ṣe máa dagẹ̀rẹ̀ tó. Nígbà tó kù díẹ̀ kó parí, ó ní, "Àwọn nǹkan gọ̀ǹgọ̀-gọ̀ǹgọ̀ tí ẹ rí níbẹ̀, òkúta ni o. Òkúta ló máa ń fọ́ agbára omi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni àrọ̀ á ti sinmi kó tó tún gùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ wọ́n kúrò. Ẹ má rẹ́ ẹ, Hamzah. Ẹ dákun, ẹ má rẹ́ ẹ. Mo mọ̀ yín."

Hamzah wo Hajarat. Hajarat ń wo ojú sánmà, ó ń gé ètè jẹ kó má baà bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ẹ ti gbọ́ èyí tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ̀yin lẹ ní ó ti yé yín, ọkọ mi."

Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́ ni Hamzah gbé òòlù ńlá lọ sójú gọ́tà. Ó fi àpò yanrìn darí omi gba ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wá dojú kọ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ìgbà tó kọ́kọ́ gbé òòlù sókè, ọwọ́ rẹ̀ kọ̀. Ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó fọwọ́ pa ojú sìmẹ́ńtì náà bí ẹni ń pa ọmọ lórí, ó tún gbé e. "Bìsìmílàhì," ó wí, ó sì là á mọ́ ibi tó kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ó ri òkúta, ńlá àti kékeré, sínú sìmẹ́ńtì tútù, ọ̀kan ga, ọ̀kan kúrú, ọ̀kan yà sọ́tùn-ún, ọ̀kan yà sósì. Òjò ń ṣú bọ̀. Ṣùgbọ́n àṣà ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Bó bá ri òkúta mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ á lọ fúnra rẹ̀ síbi irin tó fi ń rẹ́lé, á fẹ́ ti etí rẹ̀ tọ́ díẹ̀, díẹ̀ péré. Ìgbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, Hajarat mú irin náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó sì jókòó lé e.

"Ìyàwó wa, ẹ dákun."

"Orí irin ni mo wà, ọkọ mi, n ò sì dìde títí àlásárì. Ẹ máa bá iṣẹ́ burúkú yín lọ."

Nígbà tó parí tí sìmẹ́ńtì sì le, ó kó àpò yanrìn kúrò kí omi lè gba ibẹ̀, òjò ti ń kán. Hamzah sún sẹ́yìn, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó wò ó. Kò sọ màṣá Allah. Láti ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i, kò rí nǹkan tó burẹ́wà tó bẹ́ẹ̀. Ó dà bí ẹni pé ìrókò wó lu ilé kan tí wọn ò kó àwókù rẹ̀. Ìṣó wà lápò rẹ̀, kò yọ ọ́. Ó lọ sílé, kò jẹun.

Lẹ́yìn asùbáà, ó tún padà sójú gọ́tà, Hajarat tẹ̀lé e. Wọ́n bá àwọn onírẹsì bíi márùn-ún níbẹ̀, tí wọ́n ń wo omi. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó rí, Àlùfáà Àhmádù yọ látòkè, ó ń bọ̀ kíákíá, ó ká etí jàlàbíà rẹ̀ lọ́wọ́ kan. Ó kí wọn ní sálámù, wọ́n dáhùn. Ó na ọ̀pá sí ojú ọ̀nà náà.

"Iṣẹ́ ta ni kinní burúkú yìí?"

Ó wù Hamzah kó ní lébìrà ló ṣe é. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀nà ọ̀fun. Gbogbo ojú wà lára rẹ̀, òun tí gbogbo Òkè-Oyì ń fi ògiri rẹ̀ búra.

"Èmi ni, Bàbá. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni."

"Orúkọ rẹ dà?"

"N ò kọ ọ́. Ojú ló tì mí."

Àlùfáà mí kanlẹ̀. "Mo jókòó létí adágún láàárọ̀ yìí. Mo gbọ́ tí nǹkan ta nínú omi, pọ̀ọ́. Mo ní etí àgbà ló ń tàn mí. Ó tún ta. Mo ka mẹ́tàdínlógún, Hamzah, mo wá dìde, n ò rántí bàtà." Wọ́n wolẹ̀ lóòótọ́, wọ́n rí i pé ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré wá, ẹrẹ̀ dé kókósẹ̀ rẹ̀. Omi gba ojú bàbá náà, kò sì nù ún. "Raudah ti gbé ìkòkò kaná. Inú ìyá rẹ̀ á dùn. Kọ orúkọ rẹ, ọmọ mi."

Hamzah po sìmẹ́ńtì ẹ̀kúnwọ́ kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta tó wà létí omi, ó fi ìṣó kọ HAMZAH. Kò tíì gbé ìṣó kúrò tí àrọ̀ ńlá kan fi ta jáde lẹ́yìn òkúta, ó fi ikùn wọ́ orí sìmẹ́ńtì náà kọjá, ó gba òkè lọ. Ó nu ìdajì orúkọ náà dànù, HAM nìkan ló kù. Àwọn onírẹsì hó yèè. Ọwọ́ Hamzah ti ń lọ sẹ́yìn, ó ń wá irin rẹ̀ láti fi tún un rẹ́. Ó wá rántí. Ó ká ọwọ́ náà kò, ó jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.

"Alárenà," ni Àlùfáà pe Hajarat. "Sọ fún wọn nílé kí wọ́n máa bọ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Kí Dígí má ṣe mú irin ìrẹ́lé kankan dání o. Ògiri ilé mi tẹ́ mi lọ́rùn bó ṣe wà."

"Dígí wo, Àlùfáà?" Hajarat kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Dígí ti fọ́ lánàá, òòlù ló fọ́ ọ. Gbágungbàgun lorúkọ ọkọ mi báyìí." Ó kọjú sí Hamzah, ó pè é sókè. "Gbágungbàgun!"

Hamzah jẹ́ ẹ. Ó jẹ́ ẹ tagbára-tagbára, kí Raudah tó ń koná lókè lẹ́bàá adágún lè gbọ́.